Ẹran tí mo rẹ́: bí a ṣe ń jẹ́wọ́ ìwà ọmọdé fún òbí lẹ́yìn ọdún pípẹ́

Ní ilé wa ní Òkè Àró, Àkúrẹ́, màámi máa ń ka ẹran ọbẹ̀. Bí ó bá ti se ọbẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, yóò ka ègé ẹran tó wà nínú ìkòkò, yóò dé e, yóò sì lọ sùn. Mo mọ iye tó kà, nítorí ó máa ń kà á sókè. Nítorí náà, n kì í mú odidi ègé kankan. Ọ̀bẹ tí a fi ń rẹ́ ilá ni màá mú, màá rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára ègé kọ̀ọ̀kan, màá jẹ ohun tí mo rẹ́, màá sì da ìyókù padà sínú ọbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, iye ẹran á pé. Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà náà, ní ọdún 1988, mo sì ṣe é fún ohun tó lé ní ọdún kan.

Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni mo tó dọ̀bálẹ̀ níwájú màámi tí mo sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀rẹ́ àti mọ̀lẹ́bí ti ń bi mí bí mo ṣe ṣe é, nítorí àwọn náà ní tiwọn nínú. Àwọn kan lára wọn ti ṣe é báyìí, mo sì ti rí èyí tó yọrí sí ayọ̀ àti èyí tó ba àpéjẹ odindi jẹ́. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo kọ síhìn-ín. Bí òbí rẹ bá ṣì wà láàyè, mo bẹ̀ ọ́, ṣe é, ṣùgbọ́n má kàn ṣe é bákan ṣáá.

1. Yan èyí tó yẹ kí o sọ

Yorùbá ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ: wàrà inú agolo tí o fi ìṣó lu lábẹ́ tí o sì fà mu, súgà tí o ń ṣà jẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, owó ọrẹ ìjọ tí o fi ra gúgúrú, owó mọ́tò tí o ná tí o wá fẹsẹ̀ rìn dé ilé. Lílọ wẹ̀ ní odò Àlà wà lára rẹ̀. Àwa tí a dàgbà nílùú Àkúrẹ́ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń mú wa: wọ́n á fi èékánná họ wá lápá, bí ilà funfun bá yọ, o ti wọ odò nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ kan fi ń tọ́jú àdí sínú ìgò kékeré, tí wọ́n á fi para kí wọ́n tó wọlé.

Ti tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Bàámi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàka, ó sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tan tẹlifíṣọ̀n kí òun tó dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa ń ṣí nígbà náà, bàámi a sì máa wọlé ní nǹkan bí aago márùn-ún. Wákàtí kan yẹn ni a fi ń wòran. Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn, onígíláàsì ńlá tó yọ ikùn sẹ́yìn, máa ń gbóná gan-an. Bí bàámi bá wọlé, kó tó bọ́ bàtà, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. A wá ń fi aṣọ tútù lé e lórí, ẹnì kan á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹnì kan á dúró lójú wíńdò. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé omi àti iná kì í ṣeré pọ̀, n kò sì ní jẹ́ kí ọmọ mi kankan dán irú rẹ̀ wò.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò sí lára èyí. Bí ó bá jẹ́ owó ńlá, tàbí ohun tí ẹnì kan fi pàdánù iṣẹ́ tàbí ilé ìwé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ níbi tí gbogbo ẹbí ti ń jẹun. Lọ bá òbí rẹ ní ìkọ̀kọ̀, kí o sì mú àtúnṣe dání. Ohun tí àgbàlagbà kan ṣe sí ọ ní kékeré kì í sì ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ rárá. Kò sí ohun tí o ní láti jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ẹni tí yóò dúró tì ọ́ ni kí o wá, kí o sọ ọ́ fún un.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jọ ṣe é, tìrẹ nìkan ni kí o sọ. Pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ ṣáájú, kí o gba àṣẹ lẹ́nu wọn kí o tó dárúkọ wọn. Mo mọ ilé kan ní Oǹdó tí àbúrò ti jẹ́wọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí níwájú àwọn àna ẹ̀gbọ́n náà. Wọ́n kò bára wọn sọ̀rọ̀ títí Àjíǹde fi kọjá.

2. Wá ẹni tó jẹ ìyà rẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun sì ni èmi fò dá. Jókòó jẹ́jẹ́ kí o ronú: nígbà tí nǹkan yẹn dín, tàbí tó fọ́, tàbí tó sọnù, ta ni wọ́n fura sí? Ẹ̀gbọ́n rẹ ni? Ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà nílé yín nígbà náà ni? Ọmọ aládùúgbò tó wá bá yín ṣeré ni? Àwa ọmọ a máa rò pé bí ariwo bá ti rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. A kì í bi ara wa pé orí ta ni ariwo náà lọ bà lé.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ẹran fún màámi, ẹ̀rín ni mo ń retí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí, ó ní, "Nígbà náà, bàbá alápatà yẹn kò rẹ́ mi jẹ."

Èmi kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀. Láti ìgbà tí màámi ti wọ ilé ọkọ ló ti jẹ́ oníbàárà alápatà kan ní Ọjà Ọba. Nígbà tó rí i pé ẹran òun ń kéré sí i nínú ìkòkò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó gbà pé ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹran tí kò tó owó fún òun nítorí pé ó mọ̀ pé òun kì í ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ bá a ní ìsọ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i lójú àwọn ènìyàn, ó sì lọ sọ́dọ̀ alápatà mìíràn. Ọdún 27 ni kò fi ra ẹran lọ́wọ́ ẹni yẹn mọ́. Kì í gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, èmi àti màámi lọ sí Ọjà Ọba. Ọmọ ọkùnrin náà la bá ní ìsọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun bàbá òun, kì í lè jáde mọ́. A wá a lọ sí ilé. Èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n màámi ti kúnlẹ̀ kí n tó la ẹnu. Bàbá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní òun rántí ọjọ́ náà dáadáa, ó tilẹ̀ dárúkọ aṣọ tí màámi wọ̀ wá: àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ti aláwọ̀ aró dúdú. Mo ronú lórí aṣọ yẹn fún ọjọ́ púpọ̀. Ènìyàn kì í rántí aṣọ tí oníbàárà wọ̀ ní ọdún 27 sẹ́yìn bí kò bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

Nítorí náà, bí o bá ti mọ ẹni tó jẹ ìyà tìrẹ, òun ni kí o kọ́kọ́ lọ bẹ̀, kí o tó dé ọ̀dọ̀ òbí rẹ. Bí o bá ṣe é bẹ́ẹ̀, nígbà tí òbí rẹ bá bèèrè, wàá lè sọ pé, "Mo ti lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi." Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó ti padà sí ìlú rẹ̀, bèèrè nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Bí o kò bá rí i mọ́, sọ ọ́ fún òbí rẹ pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ó tọ́ sí i kí orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé yín, kódà bí kò bá tíì gbọ́.

3. Ọjọ́ àti àkókò

Má ṣe é níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí tàbí ìgbéyàwó. Òbí tó wọ aṣọ ẹbí, tí àwọn àlejò yí ká, kò lè bínú bí inú bá bí i, kò sì lè sunkún bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́n. Má ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé. Bí òbí rẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹ́ kó lò ó tán, kó jẹun, kó sinmi.

Lẹ́yìn iyán ńkọ́? Rárá o. Ará Àkúrẹ́ àti ará Oǹdó tó jẹ iyán tán, oorun ló kù tó ń wá. Ìrọ̀lẹ́ ni mo fara mọ́, pàápàá ìrọ̀lẹ́ tí NEPA bá mú iná lọ. A gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí tẹlifíṣọ̀n, fóònù ń fi bátìrì pamọ́, gbogbo ènìyàn ti ṣe tán láti gbọ́ ìtàn. Òkùnkùn náà ń ran ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Jẹ́ kí àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà bá kan àwọn méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ìyá nìkan lo ṣẹ̀, bá ìyá nìkan sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé bàbá kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan dín nílé, bí o bá sì sọ ọ́ níwájú rẹ̀, ìyá rẹ ni yóò máa dáhùn ìbéèrè.

4. Mú nǹkan dání

Ohun tí o mú ni kí o fi san án. Bí ó bá jẹ́ wàrà, ra wàrà. Bí ó bá jẹ́ àwo tó fọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, wá irú àwo bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ jọ ti àtijọ́ tán. Èmi gbé itan ewúrẹ́ kan lọ, mo sì gbé e sílẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Kò yẹ kó pọ̀ jù, kó má baà dà bí ẹni fẹ́ ra ẹnu òbí pa. Má sì fi owó sínú àpòòwé: àpòòwé ń sọ ọ̀rọ̀ náà di gbèsè, òbí tó bá sì gbà á á máa ro iye tó yẹ kó jẹ́.

5. Bí wàá ṣe bẹ̀rẹ̀

Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Màámi, ọ̀rọ̀ pàtàkì kan wà tí mo fẹ́ sọ." Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe bẹ́ẹ̀, kó tó dé orí agolo Milo tó fẹ́ jẹ́wọ́, ìyá rẹ̀ ti di orí mú, ó ti ń pe Jésù. Ìyá rò pé àìsàn ni, tàbí pé ilé ọmọ òun ti dàrú. Kọ́kọ́ fi ọkàn wọn balẹ̀. Sọ pé: "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi o. Ìgbà tí mo wà ní kékeré ni mo ṣe nǹkan kan, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Lẹ́yìn náà, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Má fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, kódà bí ọ̀rọ̀ náà bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá fẹ́. Ìwọ ẹlẹ́ṣẹ̀ lo bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó dà bí ẹni pé o tún ń fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Sọ ohun tí o ṣe, ìgbà mélòó, àti bí o ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Má sọ pé "ẹnì kan ló kọ́ mi." Má sọ pé ebi ló ń pa ọ́, àfi bó bá jẹ́ òtítọ́, kódà bó bá jẹ́ òtítọ́, rò ó dáadáa: òbí tó làkàkà láti bọ́ ọ yóò gbọ́ ọ bí ẹ̀sùn.

Èdè tí ẹ ń sọ nílé ni kí o fi sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ èdè Àkúrẹ́ ni ìyá rẹ fi bá ọ wí nígbà náà, tàbí èdè Oǹdó, òun náà ni kí o fi bẹ̀bẹ̀. Mo gbìyànjú láti fi Yorùbá orí rédíò bẹ̀rẹ̀ tèmi, màámi sì ń wò mí bí àlejò. Ìgbà tí mo bọ́ sí èdè ilé ni ojú rẹ̀ tó yí padà.

6. Lẹ́yìn tí o bá ti sọ ọ́

Dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó nira. Fi ẹnu sílẹ̀ fún wọn, kódà bí ó bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Òbí mìíràn á sọ pé òun kò rántí. Gbà fún un, má máa rán an létí ọjọ́ àti oṣù. Òmíràn á ní bí ìwọ ṣe sọ ọ́ kọ́ ló ṣe rí. Gbà fún un náà. Òmíràn á bínú ní tòótọ́, ní ọdún 30 lẹ́yìn. Bẹ̀ ẹ́ bí o ṣe máa bẹ̀ ẹ́ ká ní àná lo ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé wọ́n ti mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan gba owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ fún ìrìn-àjò ilé ìwé sí Òkè Ìdànrè, ó sì fi owó náà ra bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ilé àbúrò ìyá rẹ̀ ló ti lo ọjọ́ náà. Nígbà tó délé, bàbá bi í pé, "Àkàsọ̀ mélòó ni ẹ gùn?" Ó dáhùn kíá pé, "Àádọ́ta ni, sà." Bàbá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọ̀rọ̀ parí. Àkàsọ̀ tí wọ́n sọ pé ó wà lórí òkè náà jẹ́ 667, ẹni tó bá sì ti gùn ún rí kò ní gbàgbé, nítorí ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, itan rẹ á sì máa gbọ̀n fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún 25 lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́wọ́. Bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi ní, "Ó ku àkàsọ̀ 617 tí o jẹ mí." Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì lọ sí Ìdànrè. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìdúró àkọ́kọ́ ló jókòó sí, ó ní kí ọmọ máa gùn ún lọ kó sì máa kà á sókè.

Òbí lè jẹ́wọ́ tirẹ̀ padà fún ọ. Ó lè sọ pé òun mọ̀ pé òun nà ọ́ lórí ohun tí o kò ṣe. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gbọ́ ọ, má sì fi ṣe àkókò láti ka gbogbo ẹgba tí o ti jẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ láti sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ yìí. Ọjọ́ yìí, ìwọ lo wá bẹ̀bẹ̀.

7. Bí o kò bá sí nílé

Bí ó bá ṣeé ṣe, dúró di ìgbà tí wàá wá. Bí kò bá ṣeé ṣe, pè wọ́n lórí fídíò kí wọ́n lè rí ojú rẹ. Má kọ ọ́ ránṣẹ́. Ṣọ́ aago pẹ̀lú: ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago ìlú London àti tiwa dọ́gba, ní ìgbà òtútù, tiwa fi wákàtí kan ṣáájú. New York fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa, nítorí náà, bí o bá dúró títí o fi ti ibi iṣẹ́ dé, òru ni wàá jí wọn. Bẹ àbúrò kan nílé kó bá ọ gbé ohun tí o fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀ wá, kó sì jókòó tì wọ́n.

8. Má gbé kámẹ́rà sókè

Mo rí i tí àwọn ọmọ ń fi fóònù pamọ́ ya òbí wọn, tí wọ́n á wá gbé e sórí TikTok kí ayé lè rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí. Ojú òbí rẹ lákòókò yẹn, ìwọ ni ó wà fún. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn gbọ́, àwọn fúnra wọn á máa sọ ọ́. Màámi ti sọ ti ẹran fún gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, kò sì sí ìgbà tí mo dé ibẹ̀ tí wọn kì í bi mí bóyá mo ti jẹun.

9. Bí ó bá ti pẹ́ jù

Bí iyè òbí rẹ bá ti ń ra, tí kì í dá ọ mọ̀ nígbà mìíràn, sọ ọ́ síbẹ̀. Jẹ́ kó kúrú, di ọwọ́ rẹ̀ mú. Má bèèrè bóyá ó gbọ́.

Bí ó bá ti kú, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa tí ó ṣì wà: àbúrò rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Bàámi kú ní ọdún 2009. N kò sọ ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n fún un rí. Lẹ́yìn tí mo ti bá màámi sọ̀rọ̀ tán ní ọdún 2016, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó, sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Mo dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, mo sọ ti aago mẹ́rin, mo sọ ti aṣọ tútù, mo sọ ti abẹ̀bẹ̀. Bàbá mi kékeré kò fèsì. Ó dìde, ó rìn lọ sí ìdí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ nígun ilé, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, bí bàámi ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ó gbóná."